Ọjọ́ tí ìyá mi kí sálámà lẹ́nu ọ̀nà ara wọn

Òórùn kan wà tí mi ò tíì gbàgbé: ti ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná bọ́, tí ìyá mi ń wọ́n omi èèpo irú sí lára kó lè dúdú. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òórùn náà ò sí nílé wa. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti mọ ìkòkò gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ sì jìnnà sí wa.

Ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú rélùwéè dé Ìlọrin ni. Bàbá arúgbó kan ní ilẹ̀ àti ilé kékeré kan lẹ́bàá kòtò amọ̀, ó sì gbà láti tà á fún wa, àmọ́ kò lè dá a dúró kọjá ìtúnnu ààwẹ̀. Bí a ò bá rí ilé wa tà kó tó dìgbà náà, ilẹ̀ lọ nìyẹn, iṣẹ́ ìyá mi náà sì lọ.

Bàbá mi ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé náà, kì í ṣe ilé ẹbí, àwọn náà ló sì ń polówó rẹ̀. "Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò," ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n á mú oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tó fẹ̀ gbàgà, wọ́n á ní kó wo bí atẹ́gùn ṣe ń gba inú ilé já sẹ́yìn, pé láti ìta èèyàn ń rí ìdí ààrò. Oníbàárà á mi orí, á ṣàdúà fún wa, á bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó lè ra ilé nígbà yẹn, ààfáà àti oníṣòwò ńlá, ẹlẹ́hàá ló wà nílé wọn, ìyàwó tí ọkùnrin ìta ò gbọdọ̀ rí, tí kì í sì í jáde lọ́sàn-án. Ìyá mi tí ń ru amọ̀ la ìlú já kì í ṣe ẹlẹ́hàá, nítorí náà kò sẹ́ni tó ronú kàn án nílé wa.

Òwúrọ̀ yẹn, ìyá mi da aṣọ dúdú borí, wọ́n jáde, wọ́n sì padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àsàlámù aláékùm, onílé."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n wọlé bí àlejò, wọ́n ń wo ògiri bí ẹni tí kò rí i rí, wọ́n gba ẹ̀yìn jáde lọ sídìí kànga tó wà lóde ọgbà, wọ́n tún padà. Ẹ̀rù bà mí, mo bú sẹ́kún. Wọ́n ká aṣọ náà kúrò lórí, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì kọjú sí bàbá mi.

"Bàbá Àwáwù, ẹ má bínú. Bí mo bá jẹ́ ẹlẹ́hàá, mi ò ní í sùn nílé yìí lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ń kọjá á máa wò mí nídìí ààrò, omi tí n ó sì pọn, ìta ló wà."

Bàbá mi bínú. Wọ́n ní ṣé kí àwọn sọ ilé àwọn di àgò adìẹ ni. Ìyá mi ní ọ̀nà kan ò wọjà. Nígbà tó di ọ̀sán, a rí bàbá mi tí wọ́n ń po amọ̀. Wọ́n mọ ògiri kan sí ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń wọlé máa yà kó tó rí inú ilé, wọ́n sì na ọgbà ẹ̀yìn títí ó fi gba kànga mọ́nú. Èmi àti ìyá mi la fọwọ́ dán an.

Láàárín ààwẹ̀, olóbì kan wá wo ilé. Bàbá mi ò polówó kankan. Ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ìyáálé rẹ̀ wá lẹ́yìn ìṣínu. Obìnrin náà dé tòun ti ìbòjú. Ó yà lára ògiri, ó lọ tààrà sídìí kànga, ó fa omi, ó tọ́ ọ wò, ó sì wo ọgbà yí ká. Ẹ̀yìn ògiri tuntun yẹn ló dúró sí tó fi bá ọkọ rẹ̀ níta sọ̀rọ̀.

"Bàbá Sàlámì, ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíì lọ mọ́. Ilé wa rèé."

Kí ìtúnnu tó dé, òórùn ìkòkò ti gba ilé tuntun wa kan. Inú mi dùn débi pé mo ń jó kiri. Gbogbo ẹni tó wá kí wa kú ọdún ni bàbá mi sọ fún pé àwọn ló dá ọgbọ́n ògiri náà. Ìyá mi kàn ń rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ ta ilé tèmi, àwọn ọmọ mi sì jókòó tì mí, wọ́n ń ka gbogbo dáadáa tó wà lára rẹ̀. Mo gbé ìborùn mi, mo jáde, mo padà wá kí sálámà lẹ́nu ọ̀nà ara mi. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wò mí títí, ó bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé mo ṣe é bí ìyá mi ṣe ṣe é.