Bàbá Ẹ-má-bínú àti Ṣọ́ọ̀kì Agbẹ̀bí

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Bàbá Ẹ-má-bínú, ṣùgbọ́n ẹ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan péré, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Gbólóhùn tí gbogbo ẹni tó bá gbé máṣíìnì wá fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. "Ẹ má bínú, ó tún kọ̀ kò ṣiṣẹ́." "Ẹ má bínú, mo rò pé táyà ni." O rò! Ta ló ní kó o rò? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí ti ń tún alùpùpù ṣe, ohun tó sì ń bí i nínú jù lọ ni kí ẹni tí kò mọ orí sípánà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ máa júwe àìsàn máṣíìnì fún un.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì tó di táyà iwájú mú ni mò ń wí, èyí tí ọ̀pá dídán ń rì wọnú rẹ̀ tó sì ń yọ padà bí máṣíìnì bá ń lọ lójú ọ̀nà. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, rọ́bà róbótó kan tí wọ́n ń pè ní síìlì ló sì ń sé e mọ́ kó má jáde. Bí wọ́n bá gbé èyí tó ń yọ ẹni tó ni ín lẹ́nu wá, Bàbá Ẹ-má-bínú kì í bi wọ́n ní nǹkan kan. Á di búréèkì iwájú mú, á fi gbogbo agbára tẹ ọwọ́ máṣíìnì mọ́lẹ̀, á dẹtí sí i. Lẹ́yìn náà, á fi èékánná àtàǹpàkò tọ ọ̀pá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń búra pé òun kò ṣubú rí, á ní kó panu mọ́. "Irin kì í purọ́," ló máa ń wí, "èèyàn ló ń purọ́."

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú ni ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, kọ́tìnnì kan ló sì pààlà sáàárín òórùn pẹtiróòlù àti aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó rí i tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ lásán gbé kẹ́tùlù gbígbóná kúrò lórí iná, tó gbé e rìn dé ìdí tábìlì, tí kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Bàbá wọn," ó ní, "ọwọ́ yín mà ń jóná."

Ọkùnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n, ó sì bú kẹ́tùlù. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Máṣíìnì agbẹ̀bí ló hú ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà jáde. Obìnrin yìí ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá Ẹ-má-bínú méjèèjì, máṣíìnì yẹn ló sì fi ń wọ àwọn àdúgbò tí mọ́tò kò lè wọ̀, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún rẹ̀ ń jò. Bàbá pààrọ̀ síìlì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó jò. Bàbá tún pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà máa dé lẹ́ẹ̀kẹta, ńṣe ló ń ti máṣíìnì bọ̀, báńdéèjì sì wà lórúnkún rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá," ó ní. "Ó tún ti jò. Ọ́ìlì dà sórí búréèkì iwájú. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìkóríta, kò mú. Ògiri ló dá mi dúró. Aboyún kan sì ń retí mi lókè lọ́hùn-ún, ó lè bí lónìí, ó lè bí lọ́la."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Bàbá lọ́kàn, ojú ẹsẹ̀ ló sì di ìbínú. Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó bọ́ síta, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pààtì tó ń ta ẹ̀yà ara máṣíìnì fún un, ó ju síìlì àkọ́kọ́ tó ya sórí káńtà.

"Ayédèrú lo tà fún mi! O fẹ́ pa agbẹ̀bí!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ẹlẹ́pààtì ní. "Ogún èèyàn ló ti rà nínú páálí yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ padà wá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà o."

Ó gbé ìbínú kan náà padà wá fún agbẹ̀bí. "Ìwọ lò ń gun kòtò kiri bí ẹni tí wọ́n ń lé!"

"Bàbá, bí mo bá ti rí kòtò, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni, màá tì í kọjá."

Ló bá tú ṣọ́ọ̀kì náà. Ó fi èékánná tọ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tọ. "Ó ń dán bíi dígí! Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀! Mo ní kò sí nǹkan kan!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyàwó rẹ̀ jáde wá pẹ̀lú àjákù aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú kóòtù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ náà wé ọ̀pá, ó rọra fà á wálẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀ ni aṣọ kọ́. Ó tú u, ó tún un fà. Ibì kan náà ló tún ti kọ́, fọ́nrán òwú kan sì fà yọ.

"Ta ló pè ọ́ sí iṣẹ́ mi?" ọkọ rẹ̀ bú mọ́ ọn.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án," ó ní. "Mo ní kẹ́ ẹ wò ó."

Ó wò ó. Ọgbẹ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò tó ẹyin iná orí, ó dagun díẹ̀, òkè ibi tí síìlì ń jókòó sí gan-an ló wà. Ó mú irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tó fi ń hú síìlì, ó gbé ẹnu rẹ̀ lé e. Ó bá a mu régí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ hú síìlì àtijọ́ ni irin ti yọ̀, tó ṣá ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, gbogbo síìlì tuntun tó ń fi sí i, ọgbẹ́ yẹn ló ń fà á ya.

Inú bí i sí irin náà. Inú bí i sí ìyàwó rẹ̀ tó ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹ́tùlù. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ náà, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó lè panu mọ́ o. Kí ni agbẹ̀bí mọ̀ nípa irin? Bó bá ní síìlì ni, síìlì náà ni.

"Èmi ni," ó ní. "Irin mi ló ṣá a. Ọwọ́ mi ti kú, ó sì ti pẹ́."

"Ẹ má bínú, bàbá," agbẹ̀bí ní.

"Má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi! Ta ló ṣubú nínú èmi àtìẹ? Ìwọ ni kó o bínú, jàre!"

Obìnrin náà kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bínú. "Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń bẹ̀ yín bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ yín! Mo wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, n kò tíì wo orúnkún mi tí mo ti ń ronú ohun tí màá sọ tẹ́ ẹ ò fi ní jágbe mọ́ mi! Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Kò dáa," ó ní. Ó dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ló mú sánpépà tó kúnná jù lọ, ó fi ọ́ìlì sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha etí ọgbẹ́ náà, ìyàwó rẹ̀ sì ń fa aṣọ. Ẹ̀ẹ̀meje ni aṣọ kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹjọ, ó yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bàbá fi ọ̀rá wé orí ọ̀pá kí síìlì tuntun má bàa ya, ó to ṣọ́ọ̀kì padà, ó bu ọ́ìlì tuntun sí i, ó fọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò lára búréèkì, ó tẹ iwájú máṣíìnì mọ́lẹ̀ nígbà àádọ́ta, ó nu ọ̀pá náà. Ó gbẹ táútáú. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí agbẹ̀bí fi gùn ún lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àjákù aṣọ náà wà lórí ìṣó, láàárín àwọn sípánà. Ọkùnrin kan tó gbé máṣíìnì wá ń wò ó.

"Bàbá, kí lẹ fi aṣọ yẹn ṣe?"

"Ọwọ́ mi ni," ó dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà fi sún sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, bàbá."