Ìrìn Àjò Wa sí Èkó Nítorí Aṣọ Àrán

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Ìyá Dúpẹ́, ìyàwó mi, wọ ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ. Àríyànjiyàn ló gbé wa lọ sí Èkó. Èmi ni ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kúdẹtì, kò sì sí ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn tó ti Ìyá Dúpẹ́ láàárín wa. A ń múra láti ṣe ọpẹ́rà kan ní Gbọ̀ngàn Mápó. Ọpẹ́rà ni eré òyìnbó tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í tọrọ omi níbẹ̀ láìkọrin. Inú eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí a kà nílé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti yọ èyí: ìyàwó jagunjagun kan ki ọkọ rẹ̀ láyà títí ó fi pa ọba tó wọ̀ sílé wọn. Obìnrin náà di ayaba, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú oorun, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Dúpẹ́ ni ayaba wa. Mo rán aṣọ àrán ńlá fún un. Ó ní òun kò lè mí nínú rẹ̀. Mo ní ayaba kì í wọ ìró àti bùbá. Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ọpẹ́rà yìí kan náà l'Ékòó, a gbà pé bí wọ́n bá ṣe múra ni àwa náà yóò ṣe múra.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde la gbà, eruku sì bò wá bí ẹni tó jáde láti inú èlùbọ́. Ní Ṣágámù, awakọ̀ jẹ ẹ̀bà tán, ó sùn sábẹ́ ọkọ̀.

Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó ní, "Ọ̀gá, Èkó kò ní í ṣí lọ."

Nílé wa, a máa ń fún àlejò lómi kí a tó bi í ní ohun tó bá wá. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré náà l'Ékòó, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè, wọn kò tilẹ̀ kí wa.

Aṣọ ìkélé ṣí. Ọba wọ kákí bí ajẹ́lẹ̀. Àwọn àjẹ́ tó sọ tẹ́lẹ̀ fún jagunjagun náà pé yóò jọba jókòó ti taipúráítà.

Mo ní, "Ṣé ààfin nìyí àbí ọ́fíìsì?"

Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní kí n jọ̀ọ́, kí n dákẹ́.

Nígbà tó yá, ayaba jáde. Aṣọ ìsùn funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, ó ń fọ ọwọ́ nínú abọ́ táńganran. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dìde. Ìyá Dúpẹ́ di apá aṣọ mi mú.

"Bàbá Dúpẹ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí."

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kejì, kò sọ fún mi pé òun jàre. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àwọn akọrin ti ń dúró dè wá ní Kúdẹtì. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, báwo ni adé wọn ti rí?"

Mo ní, "Wọn kò dé adé kankan." Ariwo sọ. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo yíjú sí ìyàwó mi, mo ní, "Ó dáa, kọ orin ayaba yẹn fún wọn."

Ó dúró nínú ìró eléruku tó wọ̀ bọ̀ láti Èkó, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó kọrin. Mo ṣì ń bínú nígbà tó parí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí léèrè adé mọ́.