Fà-á-wò, Gómìnà Tó Gbé Àga Sábẹ́ Afárá

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ afárá náà. Àwọn tí wọn ò tíì bí lọ́jọ́ náà gan-an ń sọ ọ́ bíi pé àwọn ló gbé àga.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí afárá tuntun ni. Wọ́n ti ta rìbọ́ọ̀nù, àwọn oníròyìn ti gbé kámẹ́rà sójú, agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ afárá sì ti wọ kóòtù tó ń dán bíi bàtà ọmọ ilé-ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Gómìnà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wo òkè afárá, ó wo abẹ́ ẹ̀, ló bá ní kí wọ́n gbé àga mẹ́ta wá.

"Àga ibo, Bàbá?" Akọ̀wé rẹ̀ ló béèrè. Ó ti ń wo ọ̀nà àsálà, torí ó mọ ọ̀gá rẹ̀.

"Abẹ́ afárá. Èmi, ìwọ àti agbaṣẹ́ṣe wa la máa jókòó. Kí tírélà tó kún fún òkúta gba orí rẹ̀ kọjá. Bí kò bá wó, ká gé rìbọ́ọ̀nù."

"Bó bá wá wó ńkọ́, Bàbá?"

"Ọ̀rọ̀ rìbọ́ọ̀nù ò ní kan àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ nìyẹn."

Kí ni Akọ̀wé fẹ́ ṣe? Ó jókòó, ó rọra fi ìdí kan lé àga bí ẹni tó jókòó sórí ẹ̀gún. Agbaṣẹ́ṣe ní tirẹ̀ ní fóònù òun ń dún. Fóònù ò dún o! Ó ṣáà gbé e sétí, ó ń ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò" títí ó fi dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó wọlé, ó di àwátì. Gómìnà dìde, ó gbọn ẹ̀yìn sòkòtò rẹ̀, ó kọjú sí èrò. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó se ọbẹ̀ ti sá nídìí ọbẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò o!" Wọ́n wó afárá náà palẹ̀, ẹlòmíràn ló tún un kọ́.

Iṣẹ́ télọ̀ ló kó ìwà yìí ràn án. Télọ̀ ni kó tó di olóṣèlú. Bó bá rán aṣọ tán, kò ní gbé e fún ọ. Á fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rírán mú, á fà á tagbára-tagbára. Bó bá já, á tún un rán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Fà-á-wò. Ọkọ ìyàwó kan ń bẹ̀ ẹ́ nígbà kan rí pé, "Bàbá télọ̀, ẹ dákun, ìyàwó ń dúró dè mí." Ó ní, "Jẹ́ kó dúró. Bí sòkòtò yìí bá já lójú àna rẹ, ṣé o rò pé á tún dúró?"

Ó ṣe kánsílọ̀, ó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ló bá jáde fún gómìnà. Lórí rédíò, ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò ní òun máa kọ́ ilé-ìwé tuntun sí gbogbo àdúgbò. Wọ́n bi Fà-á-wò ní tirẹ̀. Ó ní, "Màá kọ́ ẹyọ kan ná. Bí òjò bá ń rọ̀, màá lọ sùn síbẹ̀. Bí mi ò bá tutù, màá kọ́ èkejì."

Akọ̀wé, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ nígbà náà, fọwọ́ bojú. Kí wọ́n tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ rédíò, alága ẹgbẹ́ ti pè é: "Akọ̀wé, ṣé ọ̀gá ẹ ò mọ̀ pé ìbò là ń wá ni?" Àmọ́ ẹ wò ó, Fà-á-wò wọlé! Ó kọ́ ilé-ìwé náà, ó sì sùn ní kíláàsì lóòótọ́ lọ́jọ́ òjò. Bó ṣe ń sín nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó tún ní kó ṣàlàyé ohun tó ṣe òrùlé.

Ibi tí ẹ̀rín ti fẹ́ di ẹkún ni ti ilé ìwòsàn ńlá tí ìjọba rẹ̀ kọ́. Ó wọ́ Akọ̀wé lọ síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó di àyà mú, ó ní ó ń dun òun. Ó ṣẹ́jú sí Akọ̀wé. Dókítà tó bá wọn níbẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fetí sí àyà Gómìnà, ó so wáyà mọ́ ọn lára.

"Bàbá, bẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn, ṣé ẹ̀mí yín máa ń kúrú?"

"Ó ti pẹ́," ni Gómìnà wí, ó tún ṣẹ́jú. Akọ̀wé ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Iṣan kan nínú ọkàn yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́."

"Dókítà, eré là ń ṣe o."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣeré, Bàbá. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ó lọ yẹ ilé ìwòsàn wò, ilé ìwòsàn sì yẹ òun náà wò.

Ilé dàrú. Alága ẹgbẹ́ ti wá ọkọ̀ òfuurufú. Ìyàwó Gómìnà ti di báàgì.

"Bàbá àwọn ọmọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń tìtorí eyín lọ sókè òkun. Ọkàn nìyí o!"

"Èmi ni mo sọ fáráyé pé ibẹ̀ dára. Bí mo bá wá sá lọ, kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé o níyàwó."

Gómìnà bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì náà. Ìyàwó yíjú sí Akọ̀wé. "Bá mi bá a sọ ọ́. Ó ń gbọ́ tìrẹ."

Kò gbọ́ tirẹ̀ rí. Akọ̀wé gbìyànjú ṣá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Lábẹ́ afárá, èèyàn lè dìde sá. Èyí, wọ́n máa fi oògùn kùn yín lóorun ni."

"Mo mọ̀." Gómìnà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Akọ̀wé. Lábẹ́ afárá náà, ẹ̀rù bà mí. Ta ló sọ fún ẹ pé kì í bà mí? Àmọ́ ẹni tí kò rówó ọkọ̀ òfuurufú, ibẹ̀ náà ló máa sùn sí."

Ibẹ̀ ló sùn sí. Nígbà tí wọ́n ń tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó fa apá aṣọ dókítà. "Ọmọ mi, bó o bá rán mi tán, fà á wò o."

"Bàbá, tiyín yìí ni mi ò ní fà."

Ilẹ̀kùn padé. Akọ̀wé àti ìyàwó Gómìnà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sáré kọjá, Akọ̀wé dìde. Nọ́ọ̀sì ò dúró, Akọ̀wé jókòó. Òmíràn gbé bàsíà jáde, ó tún dìde. "Akọ̀wé," ni obìnrin náà wí, "bó o bá tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, màá kígbe."

Iná lọ.

Òkùnkùn ṣú bo gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. Obìnrin náà di ọwọ́ Akọ̀wé mú, èékánná rẹ̀ wọlé ṣinṣin. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó gbéra. Iná dé. Síbẹ̀, obìnrin náà ò fi ọwọ́ Akọ̀wé sílẹ̀ títí dókítà fi jáde, tó já ohun tó fi bo ẹnu.

"Ó ti jí. Ó ní gílóòbù kan ò tàn lókè orí òun, àti pé ta ló gba iṣẹ́ ẹ̀."

Ìyàwó Gómìnà rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe.

Ó parí sáà rẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìbò kejì, torí ẹgbẹ́ ò fẹ́ ẹni tó ń gbé àga káàkiri mọ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ilé ìwòsàn náà ń kún. Àwọn olówó gan-an ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó kú, ní ọ̀sán kan báyìí, lórí àga nílé, lẹ́yìn tó jẹun tán. Kò sí tírélà, kò sí òjò.

Nígbà tí wọ́n pe Akọ̀wé, bàtà tí kò bára mu ló wọ̀. Ó fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sáré gun àtẹ̀gùn. Ìyàwó Gómìnà ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Rọra. Kò síbi tá a ń sáré lọ mọ́."

Wọ́n jókòó. Obìnrin náà wo bàtà Akọ̀wé, ẹ̀rín pa á. Akọ̀wé náà wò ó, òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi tán fúnra rẹ̀. Akọ̀wé ní kí òun máa lọ, òun fẹ́ lọ bójú tó nǹkan.

"Jókòó, ọmọ mi," ni obìnrin náà wí. "Ta lo tún fẹ́ lọ máa páyà fún?"

Akọ̀wé ronú, kò rí orúkọ kankan pè. Ó padà jókòó.