Ọjọ́ Tí Mo Pa Míkírò Mọ́ Dirẹ́kítọ̀ Lẹ́nu

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi nílé rédíò, mo kí àlejò wa dáadáa, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ mi. Kí ló dé? Mo kúnlẹ̀ ni! Àgbàlagbà wọlé, orúnkún mi ti délẹ̀ kí n tó rántí pé míkírò, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wa jáde, ò lè bá mi kúnlẹ̀. Orí tábìlì lòun wà, èmi wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ àga ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní Kambolé, ìlú wa ní ilẹ̀ Togo, màmá mi ń gbá rédíò rẹ̀ nídìí, ó rò pé bátìrì ló tán.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Àbí kẹ́ ẹ rín in, ó ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín títí dòní! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Sokodé nígbà yẹn, n ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí ju pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Rédíò kékeré kan ní Tchamba ló ní kí n wá dán an wò. Kótókólí àti Faransé ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀. Ti Yorùbá wa, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nìkan ni, ọmọbìnrin tó sì ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Dirẹ́kítọ̀ wa, ọmọ Sokodé tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kambolé, ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ lẹ́yìn tí mo kúnlẹ̀ yẹn.

"Sàfúrà, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, débà lo máa ṣe. Tó bá dùn, iṣẹ́ di tìẹ. Tó bá dàrú, orin la ó máa fi sáàyè Yorùbá."

Orin! Kí gbogbo Kambolé má gbọ́ èdè wọn lórí rédíò mọ́, nítorí èmi?

Débà, iyàn jíjà ni, àmọ́ iyàn tó lófin. Bọ́tìnì wà níwájú mi fún míkírò kọ̀ọ̀kan, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ohùn ẹni yẹn kú nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì ni kálukú ní, kó tó kan ẹlòmíràn.

"Ta ni kí n pa lẹ́nu mọ́?" mo bi dirẹ́kítọ̀.

"Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ìṣẹ́jú méjì."

"Àgbàlagbà ńkọ́?"

"Mo ní ẹnikẹ́ni, Sàfúrà!"

Ohun tá a fẹ́ jà lé lórí nìyí: ṣé ó yẹ kí ìjọba máa béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ti orílẹ̀-èdè Benin bọ̀ wá bá wa? Láti ìgbà tí ìlú ò ti fara rọ lápá òkè, okùn tí àwọn sójà ń nà dábùú ọ̀nà, tá à ń pè ní bàrìẹ̀, ti pọ̀ sí i, gbogbo ilé ló sì ń sọ ọ́. Mo pe Alájì Sánní, tó ṣe dúánì, ìyẹn aṣọ́bodè, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo tún pe Ìyá Máríámù, tó ń ta iṣu lọ́jà Tchamba, tí àbúrò rẹ̀ wà nílé ọkọ lọ́hùn-ún ní Benin. Àna ara wọn ni wọ́n: ẹ̀gbọ́n Ìyá Máríámù ni Alájì fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí àna ṣe máa ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀!

Ọjọ́bọ̀ pé, iná pupa tàn, a ti wà lórí afẹ́fẹ́. Ìyá Máríámù ò jẹ́ n parí ìkíni.

"Àbúrò mi bímọ, mo fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Sójà ní káàdì mi dà. Mo ní, ṣé ìwọ lo bí ọmọ náà ni?"

"Ìyàwó mi kékeré," ni Alájì wí, "báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé o kì í ṣe olè? Alùpùpù tí wọ́n ń jí ní Koussountou, ibo ló ń gbà lọ?"

"Inú igbó! Olè kì í gba bàrìẹ̀. Èmi tí mo ru iṣu ni mò ń gba ibẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí agbára ìjọba dé inú igbó."

"Tó bá dénú igbó tán, ó ku yàrá mi!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ni ìyá bá fà á gùn: "Àwọn ọmọ wa wà ní Kọ̀tọ̀nù, wọ́n wà ní Èkó, wọ́n wà ní Libreville. Kí ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀? Àlejò! Ṣé inú wa á dùn tí wọ́n bá lé wọn? Ẹnì kan ti ibi tí ò ti ríṣẹ́ wá síbi tó ti rí i. Mo nílò ẹni tó máa bá mi kọ ebè, òun náà nílò owó, àwa méjèèjì ti gbà. Ìjọba wá jókòó sáàárín wa, ta ló pè é…"

Ìṣẹ́jú méjì. Mo tẹ bọ́tìnì. Ẹ gbọ́ ná, ìyá ò dúró! Ó fa ara mọ́ Alájì, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ nínú míkírò tiẹ̀.

"Wàá pè é," ni Alájì pariwo, "lọ́jọ́ tí alágbàṣe yẹn bá kó iṣu rẹ sá lọ!"

Fóònù dún. Bàbá kan ni, láti Kambolé. Ó ṣe sàláámà, ó kí mi kú iṣẹ́, ó kí Alájì kú ìjókòó, ó kí ìyá kú ọjà, ó béèrè ará ilé, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè bí oko ti rí, gbogbo wa ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Èrò tèmi ni pé" báyìí, ìṣẹ́jú méjì pé. Mo pa á lẹ́nu mọ́. Dòní, n ò mọ èrò bàbá yẹn.

Ibẹ̀ ni dirẹ́kítọ̀ já wọlé, òógùn bò ó. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìjọba ló ń bà á. Ó gba míkírò kẹta, ó ní rédíò wa ò bá aláṣẹ kankan jà o, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aláṣẹ Tchamba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ti Sokodé, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti Lomé. Mo wo aago. Mo wo ojú rẹ̀. Iṣẹ́ mi lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ bàbá tó ń kí wa ńkọ́? Ṣé torí kò lórúkọ ni mo ṣe lè pa á lẹ́nu mọ́?

Mo tẹ bọ́tìnì.

Ẹnu ọ̀gá ṣì ń mì, kò sóhùn. Alájì ní, "Àsìtàgìfìrúlà!" Ìyá Máríámù rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú.

"Ìṣẹ́jú méjì dirẹ́kítọ̀ wa ti pé," mo wí sínú míkírò, "Alájì, ó kàn yín."

Nígbà tá a parí, ọ̀gá dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ta ni ọ̀gá níbí?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá mi."

"Ta ló wá pa mí lẹ́nu mọ́?"

"Òfin yín ni. Ẹ ní ẹnikẹ́ni."

Fóònù ilé rédíò ń dún ṣáá, gbogbo ọjà Tchamba ló fẹ́ mọ ọmọ ta ni mí. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀gá. "Ọjọ́bọ̀ di tìẹ."

Háà! Mo fò, mo dì mọ́ Ìyá Máríámù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ Alájì náà!

"Ọmọ yìí ì bá ṣe dúánì gidi," ni Alájì wí.

"Ẹ má bà á jẹ́ fún mi!" ni ìyá dáhùn. "Tí òfin bá máa wà rárá, irú èyí ni, tó ń mú ẹni tó ṣe é."

Ẹ̀yìn ìyá lèmi wà o, n ò fi pa mọ́: kí ẹni tó fẹ́ rìn máa rìn, kí ìjọba sì máa wo iṣẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí mi ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, wọn ò tíì fohùn ṣọ̀kan látàárọ̀, wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan. Ìyá ní ìṣẹ́jú méjì ti kéré jù fún ẹni tó lóye. Alájì ní òun náà ò rí ọ̀rọ̀ òun sọ tán. Ọ̀gá ní, ó kéré tán, kí n fún dirẹ́kítọ̀ ní mẹ́ta.

Mo wo àwọn àgbà mi lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Méjì ni," ni mo wí.