Ọgbà Pèrègún Lẹ́bàá Agbówà

Òórùn òbúkọ tí òjò pa ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, nítorí kò tíì kúrò nímú mi láti ìgbà náà. Mo ti darúgbó báyìí, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ bí òbúkọ ẹnìkan bá gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lásìkò òjò, ara mi á gbóná, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Àwọn ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé tìtorí ewúrẹ́ ni mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí wọ́n lé ìyá mi kúrò ní ibi kan ṣoṣo tí ara ti tù ú lẹ́yìn Èkó.

Ọmọ Èkó ni wá. Nígbà tí àwọn Òyìnbó fi ìbọn ńlá inú ọkọ̀ ojú omi lé ọba wa kúrò nílé, a bá a gba orí ọ̀sà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sì gbà wá. Bàbá mi kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Èmi gba Ìlọrin lọ, mo lo ọdún mẹ́fà lẹ́sẹ̀ àwọn àfáà àgbà, mo kọ́ èdè Lárúbáwá, mo kọ́ òfin, mo kọ́ bí a ti ń gbé ẹ̀rí kalẹ̀ àti bí a ti ń wó ẹ̀rí ẹlòmíì palẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo bá ìyá mi nínú àgbàlá kan tí ìdílé mẹ́rin há sí, tó ń sá ẹja sórí ẹní kan náà tó ń sùn lé. Òun kò ráhùn. Èmi ni mo bá a ráhùn. Ohun kan ṣoṣo tó wí ni pé òun fẹ́ ibi tí òun lè gbin ata sí kí òun tó kú.

Àgbẹ̀ kan láti abúlé kan lẹ́bàá Agbówà, tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ló yá wa nílẹ̀. Bàbá Onílẹ̀ ni màá máa pè é. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ ju ohun tó yẹ lọ. Ó mú wa rìn láti ìdí ọ̀pẹ kan títí dé etí odò, ó ní, "Ohun tí ẹ bá máa jẹ tán ni kí ẹ gbìn o. Ohun tó máa pẹ́ jù yín lọ, ẹ má fi síbẹ̀." Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ nínú ara mi pé ó yé mi yékéyéké: kò sí obì, kò sí ọ̀pẹ, kò sí àgbọn. Kí ló tún kù tí ẹni tó ti Ìlọrin dé kò mọ̀? Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá Onílẹ̀, ó gba orí omi lọ sí Ìkòròdú sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà nílé ọkọ, kí wọ́n lè bá a tọ́jú rẹ̀. Ó fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, opó kan tó ní ewúrẹ́ mọ́kànlá.

Ibẹ̀ dùn, n kò ní í purọ́. Ìyá mi a jí, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ kó tó fi kan omi. Ará erékùṣù ni wá, a kò mọ apá tí wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀ lára igi ẹ̀gẹ́. A ri ti àkọ́kọ́ sódì, àwọn obìnrin abúlé sì fi wá rẹ́rìn-ín fún odindi ọjọ́ ọjà méjì. Mo rí èèrùn tó ń kó ẹyin rẹ̀ lọ sókè ilẹ̀, mo sì rí i pé òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo tún rí i pé ẹni tó bá ń gba ọ̀nà oko kọjá a máa kígbe pé "Ẹ kú oko o!" láìrí ẹnikẹ́ni. Ní Èkó, ẹni tí a bá rí là ń kí. Níbẹ̀, igbó ni wọ́n ń kí, igbó á sì dáhùn.

Ewúrẹ́ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Èmi kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣeré, mo kọ wọ́n sórí wàláà mi. Lọ́jọ́ Àlàmísì, òbúkọ ńlá kan tó ní irùngbọ̀n bíi ti olùkọ́ mi kan ní Ìlọrin jẹ igi ata mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo ń kírun lọ́wọ́, abo méjì jẹ ilá, ọ̀kan nínú wọn sì yàgbẹ́ sẹ́bàá omi àlùwàlá mi. Lọ́jọ́ Àtàláátà, òbúkọ náà wọ inú ahéré wa, ó jẹ ojú ewé kan nínú ìwé òfin tí mo fi ọwọ́ ara mi dà kọ. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹnìkan dáhùn fún èyí, mo bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Eléwúrẹ́ lọ.

"Ìyá," mo ní, "òbúkọ yín jẹ ìwé mi."

"Ṣé ó dùn mọ́ ọn?"

"Ọ̀rọ̀ tó le ni mo ń bá yín sọ, Ìyá. Ìwé òfin ni."

"Háà! Ó ti di àfáà nìyẹn. N ò tún gbọdọ̀ pa á jẹ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Ará Èkó, ewúrẹ́ ò mọ oko. Ìwọ tó mọ oko, o ò lè sọgbà ni?"

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ojú ewé tí òbúkọ jẹ gan-an ni ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn tó ba oko jẹ́, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé lójú ọ̀sán, olóko ni kó ṣọ́ oko rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Mo kàn gbàgbé láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo rò ó fún Baálẹ̀ abúlé, ó ní kí n ní sùúrù, mo bá pinnu láti sọgbà. Ìyá mi wà ní Ẹ̀pẹ́ nídìí ẹja rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ahéré kan tí wọ́n ti pa tì, mo rí igi tó dúró ṣánṣán bí ọ̀pá, tó rọrùn láti gé, tí kò ní ẹ̀gún. Pèrègún ni. Mo ti rí i rí ní Èkó lójúbọ àwọn abọ̀rìṣà, n kò sì béèrè ohunkóhun nípa rẹ̀ nítorí mo rò pé kò kan àfáà. Mo gé ọ̀pá mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo na okùn kí ìlà má bàa wọ́, mo gbẹ́ ihò, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yí ibi tí a gbin ata sí ká, mo fi ìtàkùn dè wọ́n pọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ọwọ́ mi bó.

Àwọn tó ń ti oko bọ̀ a dúró, wọ́n á wo ọgbà, wọ́n á wo ojú mi. Ọkùnrin kan ní, "Àfáà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ yín yìí, iṣẹ́ ńlá ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn béèrè bóyá Bàbá Onílẹ̀ mọ̀ sí i. Mo ní á rí i nígbà tó bá dé, inú rẹ̀ á sì dùn. Ó mi orí, ó kọjá lọ. Ìyá Eléwúrẹ́ so gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì bá mi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Bí mo bá kí i, á dáhùn bí ẹni tí eyín ń dun. Mo kà á sí ìṣẹ́gun. Òjò dé, òjò ńlá, nígbà tó sì ṣe, ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gọ́ta rúwé lórí, ewé tútù yọ̀yọ̀. Mo pe ìyá mi wá wò ó, òun náà pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwa méjèèjì la ojú sílẹ̀ kedere, à ń wo ẹwà ohun tó fẹ́ lé wa lọ.

Bàbá Onílẹ̀ ti Ìkòròdú dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo rí i tó ń tẹ ọ̀pá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mi láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó fi ọwọ́ kan ewé kan, ó yí padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ewúrẹ́ tí mo ti ń rò fún Baálẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo wọ agbádá tí mo wọ̀ kúrò ní Ìlọrin, mo gbé wàláà sábẹ́ apá. Kò sẹ́ni tó tíì ní kí n sọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ láti orí èkínní, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti àwọ̀ ẹran tó dá a. Nígbà tí mo ka ìkarùn-ún, Baálẹ̀ ní, "Ṣé ó ti tán?"

"Ó ku méjì, Bàbá."

"Kà á tán. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kó má di pé a ò gbọ́ tìrẹ."

Mo kà á tán. Bàbá Onílẹ̀ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "Mo yá ọ nílẹ̀," ó ní, "mo kọjú sí Ìkòròdú, o sì gé e kúrò lára tèmi."

"Bàbá, n ò gé nǹkan kan. Ọgbà ni mo sọ."

"Pèrègún lo gbìn."

"Igi lásán ni, Bàbá."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ hó. Baálẹ̀ ló là mí lọ́yẹ̀, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Lágbègbè yẹn, kò sí ìwé ilẹ̀, pèrègún ni ààlà. Bí wọ́n bá gé e, á hù. Bí iná bá jó o, á hù. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wọn fi ń gbìn ín síbi tí ilẹ̀ ẹnìkan ti parí tí ti ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀. Ayálẹ̀ tó bá gbin pèrègún yí oko ká, ohun tó ń sọ fún gbogbo ayé ni pé ilẹ̀ ti di tòun.

"Bí wọ́n ṣe dé Ẹ̀pẹ́ náà nìyẹn," ni Bàbá Onílẹ̀ wí. "Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ gbé orí lélẹ̀ díẹ̀. Lónìí, àdúgbò wọn ti ní orúkọ níbẹ̀. N ò fẹ́ ẹjọ́. Kí wọ́n kó ẹrù wọn."

Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Èmi, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: mo ní ohun tó wà lọ́kàn ẹni ni a fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́, mo béèrè ẹlẹ́rìí. Ìyá mi fa aṣọ mi. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ka wàláà, n kò sì rí i.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "ọmọ mi mọ̀wé, kò mọ igi. Ẹ fa igi yẹn tu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa èmi tu mọ́ ọn. Wọ́n ti fà mí tu lẹ́ẹ̀kan."

Àfi bí Ìyá Eléwúrẹ́ ṣe bú sẹ́rìn-ín lójijì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ránṣẹ́ sí yín ní Ìkòròdú pé ará Èkó ti gba ilẹ̀ o. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ méje lọmọ yìí kà, ata, ilá, ìwé. Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀? Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ṣé ata mẹ́rìnlá ló máa máa sunkún lé? Ẹ tún wò ó, ilẹ̀ tí ẹ yá wọn dé etí odò. Ọgbà ẹ̀ ò dé ìdajì! Olè wo ló ń jí ìdajì ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Èjìká Bàbá Onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ọdún mẹ́fà ní Ìlọrin, èmi kò rí ẹ̀rí yẹn. Ẹni tí mo pè lẹ́jọ́ ló rí i fún mi.

Wọ́n ní kí ìyá mi dìde, oko rẹ̀ ṣì ni. Wọ́n ní kí èmi fa gbogbo pèrègún náà tu fúnra mi, ṣùgbọ́n kí n má sọ ọ̀kan nù. Àgbàrá ti wọ́ apá kan lọ lára ààlà tó wà láàárín ilẹ̀ Bàbá Onílẹ̀ àti ti ìdílé tó bá a pààlà. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí n gbìn wọ́n sí. Ìdílé méjèèjì dúró níhà tiwọn, wọ́n ń wò mí, oòrùn ń pa mí, kò sẹ́ni tó bá mi gbé ọ̀pá kan. Òbúkọ náà dúró lókèèrè, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Nígbà tí mo ri èyí tó kẹ́yìn, Baálẹ̀ fi ọwọ́ lé mi léjìká. "Ìwọ ni ẹlẹ́rìí ààlà yìí," ó ní. "Ẹni tó ní ilẹ̀ níhà kan, ojú ẹ̀ lè yí. Ìwọ ò ní nǹkan kan níhìn-ín. Máa rántí fún wa." Ẹ ṣàkíyèsí pé títí tí mo fi ń kọ èyí, kò sẹ́ni tó dá ẹjọ́ ata mẹ́rìnlá náà.

Ìyá mi jẹ ata ilẹ̀ yẹn títí ó fi jáde láyé. Bàbá Onílẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ náà ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Nígbà òjò tó kọjá yìí, àwọn ọmọ ọmọ ìdílé méjèèjì fa ìjà lórí ààlà, wọ́n sì fi ọkọ̀ wá gbé mi láti Ẹ̀pẹ́. Mo fi ọwọ́ hàn wọ́n láti òkè títí dé etí odò, wọ́n gbà á, ìjà parí. Wọ́n bi mí pé kí ni kí àwọn fún mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kan, mo na ẹsẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí mi lára. Títí oòrùn fi rọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé ilẹ̀ ta ni mo jókòó lé.