Ọkọ̀ Ìjàpá Méjì fún Bàbá Kan

Òórùn ọ̀dà àti tínà ló kọ́kọ́ máa ń pàdé ẹni tó bá wọ yàrá mi ní Ìbà nígbà náà. Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń tún ṣe lọ́jà Àlàbá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni mò ń ṣe nílé. Ẹ má rò pé ohun ìṣeré tí ọmọdé ń so okùn mọ́ ni mò ń sọ. Inú páálí ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń wá ní wẹ́wẹ́, ike funfun lásán, ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ìjókòó lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, táyà tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ẹni tó rà á ni yóò gé e, tí yóò họ ọ́ kó dán, tí yóò lẹ̀ ẹ́, tí yóò kùn ún, títí yóò fi jọ ọkọ̀ gidi láti òkè délẹ̀. Àárín ẹrù òkèèrè tí wọ́n ń já sílẹ̀ lọ́jà ni mo ti ń rí wọn. Oníṣòwò Ígbò kan tó mọ̀ mí dáadáa ló máa ń gbé wọn pamọ́ fún mi, á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Oga TV, your pikin toy don land o!" Mi ò tíì bí ọmọ kankan nígbà yẹn. Màá kàn rẹ́rìn-ín, màá gbé páálí mi sábẹ́ apá, màá sì máa lọ.

Bàbá mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni wọ́n, onílé, awakọ̀ àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣe lọ hàn wọ́n, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá mo ti tún rédíò wọn ṣe. Inú mi bàjẹ́, àmọ́ mi ò sọ̀rètí nù. Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn, nínú èyí tí wọ́n fara ti ọkọ̀ ìjàpá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó de fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ní láyé wọn nìyẹn. Mo gbà lọ́kàn mi pé ọjọ́ tí mo bá ṣe ìjàpá yẹn fún wọn, ọjọ́ náà ni wọn yóò wo ojú mi dáadáa, tí a óò sì jọ jókòó sọ̀rọ̀ bíi bàbá àti ọmọ. Ohun tí mò ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ìgbà tí àbúrò mi obìnrin lọ sílé ọkọ ni wàhálà dé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọkọ rẹ̀, Ìjànìkin ló ń gbé, iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ti kírun tán, yóò yà sílé bàbá mi, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, yóò wá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Bàbá tí kì í bá mi sọ ju gbólóhùn kan lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ayé àtijọ́ fún un. Láti ẹnu géètì ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Tí mo bá wọlé, ẹ̀rín á rọlẹ̀, Bàbá á ní, "Ṣé àlàáfíà lo wà?" Èmi náà á ní, "Àlàáfíà ni, sà." Ó parí nìyẹn. Owú jẹ mí débi pé àpótí tó ń jókòó lé gan-an, tí kò bá sí nílé, n kì í fẹ́ rí i sójú.

Kí n má tíì sọ ti pé ó tún tọ̀ mí wá ní Ìbà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní nǹkan tí ẹ̀ ń ṣe yìí." Mo gbà kíákíá, nítorí mo ti wo ìka rẹ̀ tó nípọn, mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ kékeré máa dójú tì í. Ó sì dójú tì í lóòótọ́. Ojú ìka rẹ̀ hàn lára ọ̀dà. Mo kìlọ̀ fún un títí pé kò gbọdọ̀ gbé súpá gúlúù sún mọ́ gíláàsì, torí èéfín rẹ̀ máa ń sọ gíláàsì ike di funfun bàìbàì, àmọ́ súpá gúlúù náà ló fi lẹ gbogbo rẹ̀ torí pé ó tètè ń gbẹ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tí mo tún dé Ọ̀jọ́, mo bá ọkọ̀ jákujàku yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n Bàbá, níbi tí wọ́n ń gbé awò ojú wọn sí. Tèmi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àwọn fìlà.

Ó ku díẹ̀ kí Iléyá dé nígbà tí oníṣòwò mi gbé ìjàpá jáde, páálí méjì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọkọ àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbá ọ̀kan mú. Òun náà mú èkejì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà á gbìyànjú tèmi fún Bàbá." Ó ku díẹ̀ kí n bi í pé bàbá ta ni.

Nígbà tí a ṣí páálí, a rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wà, bó ṣe máa ń wà nílùú àwọn tó ṣe é. Mo fi àwọn tó ṣe é ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó gé dáṣíbọ́ọ̀dù, kó gbé sítíárì bọ́ sí ọwọ́ òsì, bíi ti gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì Bàdágírì.

"Ṣùgbọ́n, Ẹ̀gbọ́n, Bàbá sọ pé..."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọkọ̀ bàbá mi?"

"Ẹ má bínú, sà," ó sì pa páálí rẹ̀ dé.

Mo ṣe ìjàpá yẹn bí ẹni pé wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe òmíràn mọ́. Mo bi àbúrò bàbá mi obìnrin léèrè àwọ̀ ọkọ̀ náà, ó ní búlúù ni, búlúù aró tó ti ṣá díẹ̀. Mo fi òwú dúdú ṣe wáyà sínú ẹ́ńjìnnì. Mo ya nọ́ńbà rẹ̀ láti inú àwòrán ara ògiri. Ojú oòrùn ni wọ́n ti ya àwòrán náà, gíláàsì ọkọ̀ ń kọ mànà, èèyàn ò lè rí inú rẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù tí mo gé tí mo sì tún tò ló mú mi lọ́wọ́ jù, òun náà ni mo sì fi ń yangàn jù. Gbogbo ẹni tó lè mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ yẹn ni mo bi, àfi ẹni tó ni ín. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni.

Lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo wa péjọ sí pálọ̀ Bàbá. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo gbé tèmi ka iwájú wọn. Ilé pariwo. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣèèyàn!" Ọkọ rẹ̀ wá yọ tirẹ̀ jáde nínú láílọ́ọ̀nù. Ọ̀dà ti ṣàn wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn, gíláàsì sì ti funfun bó ṣe máa ń funfun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú tó dùn lọ́fun.

Bàbá wọ awò ojú, wọ́n gbé tèmi, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ibẹ̀ pẹ́. "Ọwọ́ ẹ dáa o," ni wọ́n wí. Wọ́n wá gbé tirẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan láti ara gíláàsì, ni wọ́n bá ti ìka kékeré bọ ojú fèrèsé, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ inú rẹ̀ wò. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, wọ́n rín títí ikọ́ fi mú wọn. "Ìjàpá mi rèé! Ọwọ́ ọ̀tún!" Wọ́n wá ṣàlàyé fún gbogbo ilé pé kí ìjọba tó ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì máa ń wà, àti pé ìgbà yẹn làwọn ra tàwọn, bẹ́ẹ̀ làwọn sì wà á títí ó fi kú. Wọ́n kọjú sí mi, tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Èyí tìẹ náà dáa gan-an. Ọkọ̀ ta ni?"

Mo ní, "Ọkọ̀ lásán ni, sà."

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ni ìjàpá gíláàsì funfun yẹn wà títí Ọlọ́run fi gbà wọ́n sọ́dọ̀. Èmi gbé tèmi padà sí Ìbà, ó sì pẹ́ kí n tó tún ṣí páálí mìíràn.

Èmi náà ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Tí mo bá ráyè lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń lọ sí Ìjànìkin, kí èmi àti ọkọ àbúrò mi jọ ṣe ọkọ̀ ní bàrándà rẹ̀. Ó ṣì ń ba gíláàsì jẹ́. Kí n sòótọ́, ọkọ̀ kọ́ ni mò ń bá lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ ní àwọn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, inú rẹ̀ ló wà, tí mi ò bá sì lọ bá a níbẹ̀, mi ò tún mọ ibòmíràn tí mo ti lè gbọ́ ọ. Màá bi í léèrè, yóò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, yóò rọ ohùn sílẹ̀ bíi ti Bàbá, yóò máa rò ó. Inú mi á máa dùn, owú á sì máa jẹ mí lórí àga kan náà.

Láìpẹ́ yìí ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Bàbá ò sọ fún yín ni? Ìjàpá yẹn ni wọ́n fi gbé yín wálé láti ilé ìgbẹ̀bí ní Òkòkómáíkò." Mo ní rárá. Ó ní Màmá gbé mi sẹ́sẹ̀ ní ìjókòó apá òsì, Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún di sítíárì mú, wọ́n sì gbé ọwọ́ òsì lé mi lórí. Ọwọ́ òsì yẹn ló yẹ kí wọ́n fi yí jíà. Wọn ò gbé e kúrò. Jíà kìíní ni wọ́n fi wa ọkọ̀ náà dé Ọ̀jọ́, ẹ́ńjìnnì ń ké, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, wọ́n ń bú wọn.

Ó ti mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó fẹ́ padà sídìí iṣẹ́. Mo ní kó tún un sọ.