Ọjọ́ Tí Rino Jókòó Nínú Ọkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Nives, kó lọ ṣe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo àdúgbò Cannaregio ló mọ èyí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, tí bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹ̀fọ́ wá sọ́jà ní Fẹ́nísì, ìlú orí omi. Òkè ilé kan tó kọjú sí omi ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Rino, ibẹ̀ ló bí Loredana, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, ibẹ̀ náà ló sì rò pé wọn yóò ti gbé òkú òun jáde. Àfi lọ́jọ́ kan tí obìnrin ìsàlẹ̀ ilé kí i pé ó dìgbà o, pé òun gbọ́ pé wọ́n ń kó lọ sí Mestre. Onílé ló fẹ́ sọ ilé di ibi tí àlejò ń sùn, òun àti Rino sì ti parí ọ̀rọ̀ kí Nives tó gbọ́ ohunkóhun. Rino ní òun kò fẹ́ kó sunkún ni. Nives kò sunkún. Ó bínú fún odidi ọdún kan, ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé e kalẹ̀, kò sì bá a jẹ ẹ́.

Mestre ò ṣe é ní nǹkan kan. Ìlú orí ilẹ̀ ni, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé èèyàn débẹ̀ láti Fẹ́nísì, èèyàn á jẹ, á sùn. Ó ríṣẹ́ sílé iṣẹ́ alágbàfọ̀ kan, ó ń lọ aṣọ ibùsùn fún àwọn ilé àlejò. Nígbà mìíràn á rò ó pé bóyá aṣọ tí òun ń lọ̀ lọ́wọ́ yìí, yàrá tí wọ́n bí òun sí ni wọ́n ti ká a wá. Á wá tẹ irin gbígbóná náà mọ́lẹ̀ bí ẹni pé aṣọ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Bí Rino ṣe jí lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan nìyẹn, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù tó dáa, ó ní kí àwọn lọ wo Fẹ́nísì bí àwọn àlejò ṣe ń wò ó. Nives wò ó títí. Ọmọ bíbí ibẹ̀ làwọn méjèèjì, wọn kò sì wọ ààfin ńlá tó wà níbẹ̀ rí, nítorí ta ló ń tò láti wo ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀? Síbẹ̀ ó bá a lọ. Ọkùnrin tó fá irùngbọ̀n nítorí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, ó yẹ kéèyàn fún un ní ọjọ́ kan.

Ìbínú ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Wọ́n tò sínú oòrùn láàárín àwọn èèyàn tó fi awò dúdú bojú, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ láti inú bébà lórí òkúta tí ìyá Nives kì í tutọ́ sí. Nígbà tí wọ́n jáde, Rino lọ fìdí kalẹ̀ sórí àga ní gbàgede, ó ní kí wọ́n gbé kọfí wá. Ìdúró làwa ọmọ Fẹ́nísì fi ń mu kọfí. A ó wọlé, a ó dà á sọ́fun, a ó jáde. Àlejò ló ń jókòó tì í, wọ́n á sì gba owó ìjókòó náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gba owó orí. Nives bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Rino ní ọjọ́ ìgbádùn ni, pé kó jókòó, kó sinmi.

Ó sì ń ya fọ́tò. Ó ya ilẹ̀kùn, ó ya kànga gbígbẹ, ó ya òpó ibùdó ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ so okùn mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Nives béèrè ohun tó ń yà níbẹ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Rino tún ya òmíràn. Ara Nives kò lélẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Lọ́sàn-án, wọ́n fẹ́ sọdá Odò Ńlá tó gba àárín ìlú kọjá, lọ sí ọjà ẹja. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin méjì ń fi àjẹ̀ wà láti etí omi dé etí omi, ìdúró sì ni ọmọ ìlú ń dúró nínú rẹ̀. Arúgbó tó gbé àpò ọ̀dùnkún á dúró. Aboyún á dúró. Ẹni tó ti mutí yó pàápàá á dúró, ìtìjú ni kò ní jẹ́ kó ṣubú. Àlejò nìkan ló ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí á fi ọwọ́ méjèèjì gbá igi mú. Rino wọlé, ó sì jókòó.

Ojú ti Nives débi pé ó wo omi. Rino tó máa ń rìn lórí etí ọkọ̀ nínú ìjì nígbà kan rí, tó máa ń ju okùn bí ẹni ń ṣeré. Ermes tó ń wa ọkọ̀ náà, tí òun àti Rino ti jọ ṣiṣẹ́ rí, bú sẹ́rìn-ín.

"Rino, ìgbà wo lo di àlejò mọ́ wa lọ́wọ́? Àbí Turin ti wọ̀ ẹ́ lára kó o tó débẹ̀?" Ó kọjú sí Nives. "Ìyá Loredana, ẹ má jẹ́ kó gbàgbé wa níbẹ̀ o. Àbúrò mi ní òun lòun ń fọkọ̀ kó ẹrù yín lọ́jọ́ Sátidé."

Turin ni Loredana ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ibi tí kò sí òórùn iyọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Nives kò sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Bí Nives bá ń pariwo, ẹ má bẹ̀rù. Bó bá dákẹ́, ẹ wá ibi sá sí.

Ilé ọtí kékeré kan wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí wọ́n ti ń ta pańla tí wọ́n gún mọ́ òróró, tí wọ́n fi lé orí búrẹ́dì. Wọ́n wọbẹ̀. Rino di etí káńtà mú. Ìgbà yẹn ni Nives tó rí i pé kò fi ọwọ́ sílẹ̀ láti àárọ̀, bí kò bá di ògiri mú, á di àga mú, bí kò bá di àga mú, á jókòó.

"Ẹrù ta ni wọ́n ń kó lọ sí Turin?"

"Tiwa ni," ni Rino wí.

Ó wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Òòyì ti ń kọ́ ọ láti ìgbà òtútù. Dókítà ní nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú etí rẹ̀, pé kò lè dára mọ́. Ó ti ṣubú nílé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan tí Nives wà níbi iṣẹ́, ó sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó lè dìde. Loredana ní yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé, kò ní àtẹ̀gùn. Ó ti sọ fún onílé Mestre pé àwọn ń kó jáde. Ó rò pé kí òun kọ́kọ́ mú un wá wo Fẹ́nísì kí ojú rẹ̀ yó, kí òun tó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́.

"Mi ò fẹ́ kó o sunkún ni."

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tó o fi ẹkún mi ṣàwáwí," ni Nives wí. "Ta ló sọ fún ẹ pé ẹkún ń pa mí?"

"Tí mo bá bi ẹ́, o ò ní gbà."

"O wá mọ ohun tí mo máa sọ. O ò gbàgbé láti bi mí. O mọ ìdáhùn mi, lo bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá."

Ẹni tó ń ta ọtí yíjú sí ògiri, ó ń nu ife tó ti mọ́. Ohun tó dun Nives jù ni ilé ìwẹ̀ yẹn: pé ọkọ òun wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun sì wà níbi iṣẹ́, òun ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn àjèjì. Ìyẹn gan-an, kò jẹ́ kí òun mọ̀. Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó jáde.

Afárá pọ̀ láàárín ọjà àti ibùdókọ̀ ojú irin. Nives ń yára gun ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá dórí rẹ̀, á kọ̀yìn sí Rino, á dúró. Ìgbà tó bá gbọ́ mímí rẹ̀ lẹ́yìn òun ni á tó tún máa lọ. Kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Orí ọ̀kan nínú àwọn afárá náà ni Loredana ti pè é, tó béèrè bóyá wọ́n gbádùn, àti bóyá Papa ti bá a sọ̀rọ̀. Nives ní kó sọ fún àbúrò Ermes pé kó má wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀ yẹn, pé onílé ti gbé ilé fún ẹlòmíràn.

"Kó gbé e fún un," ni Nives wí. "Kí bàbá ẹ kọ́kọ́ bi mí ná."

Ó pa fóònù. Rino gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ibùdókọ̀, kò sí nǹkan kan tí Rino lè dì mú. Àwọn àlejò ń fa àpótí wọn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó dúró, ó ń mì díẹ̀díẹ̀, àgbà ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún sá fún ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Nives, mi ò lè dá dúró mọ́. Mo fẹ́ ká lọ máa gbé lọ́dọ̀ Loredana. Ṣé wàá bá mi lọ?"

Nives wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ilé ọtí.

"Rárá," ni ó wí.

Rino mi orí. Ó béèrè ibi tí wọ́n máa wá gbé.

"A ó jọ wá a."

Nives gbá ọwọ́ Rino mú, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni gbé ẹrù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lọ.